Òwìwí Wo Ló Yẹ Ká Gbà Láàyè Lóko? Ìfiwéra Agbára Àwọn Òwìwí Ńlá àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣọdẹ

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, tí ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́, mo bá nǹkan dúdú kan lórí àpò àgbàdo nínú ilé ìkẹ́rù mi lọ́nà Ìlobùú, bí a bá ń jáde ní Òṣogbo. Ó gùn tó àtàǹpàkò ọwọ́ mi, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi àdí pa á. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ìgbẹ́ ológbò ni. Mo wọ ọ̀rá sọ́wọ́, mo gbé e sórí páálí, mo wọ́n omi sí i, mo sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tú u díẹ̀díẹ̀. Irun ló bò ó lára. Inú irun náà kún fún egungun: agbárí eku mẹ́rin, eyín iwájú wọn ṣì wà lẹ́nu wọn, ó pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Agbárí karùn-ún tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Mo mọ̀ pé ti asín ni. Ẹran márùn-ún nínú ìṣù kan ṣoṣo. Òwìwí ló pọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn aládùúgbò ti ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n bá mi yìnbọn fún ẹyẹ tó ń ké lórí òrùlé mi lóru. Ó kù díẹ̀ kí n gbà. Láti ìgbà tí mo ti ka agbárí márùn-ún yẹn ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kó má tíì yìnbọn, kó kọ́kọ́ wo irú òwìwí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Màmá kan tó ń sin adìẹ lọ́nà Ìkìrun pè mí lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé èyí tẹ́ ẹ ń tọ́jú yẹn kò ní wá kó adìẹ mi lọ? Mo rí fídíò òwìwí kan tó gbé ẹran tó tó ewúrẹ́." Mo ní, "Màmá, irú èwo lẹ rí lọ́dọ̀ yín gan-an?" Wọ́n ní òwìwí ni òwìwí ń jẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ kan la fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ èyí tó wúwo jù nílẹ̀ Áfíríkà lè tó ìlọ́po mẹ́jọ èyí tó wà lórùlé mi, oúnjẹ wọn ò sì jọra rárá. Nítorí náà, màá fún wọn lórúkọ tó bá ìrísí wọn mu níbí, ká lè tò wọ́n ṣègbẹ́ẹ̀gbẹ́, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ àti èyí tó yẹ kó ti ilẹ̀kùn mọ́ adìẹ nítorí rẹ̀.

Kí là ń pè ní agbára lára òwìwí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ìwọ̀n ara ni. Ìwọ̀n ara kà lóòótọ́, torí ẹyẹ kì í lè gbé ohun tó wúwo jù ú lọ fò jìnnà. Ẹyẹ tí kò tó ìdajì kílò kò lè gbé àgbébọ̀ adìẹ kílò kan àtààbọ̀ kúrò nílẹ̀, bó ti wù kí ebi pa á tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun nìkan ti tó láti wẹ ọ̀pọ̀ òwìwí mọ́ nínú ẹ̀sùn olè adìẹ.

Ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ìka mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ òwìwí kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà níta sì lè yí padà sẹ́yìn, kó di méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Tó bá ti fún nǹkan mọ́wọ́, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á há síbẹ̀. Òwìwí oníwo ti Amẹ́ríkà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀, máa ń di nǹkan mú débi pé agbára tó tó kílò 13 ni wọ́n ní a máa fi tú ìka rẹ̀. Èékánná ló ń pa ẹran, àgógó ẹnu wulẹ̀ ń parí iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ òwìwí ti jìn jù ni etí. Ohun tó dúró ṣánṣán bí ìwo lórí àwọn kan kì í ṣe etí, ìyẹ́ lásán ni. Ihò etí gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, lábẹ́ ìyẹ́ ojú. Ti òwìwí olójú funfun tún wá ṣàrà ọ̀tọ̀: ihò kan ga ju èkejì lọ. Bí eku bá sún ewé gbígbẹ kan, ìró náà á dé etí kan ṣáájú èkejì, á sì le nínú ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìyàtọ̀ bíńtín yẹn ni ẹyẹ náà fi ń mọ̀ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì, òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Roger Payne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ayé tún mọ̀ nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí orin àbùùbùtán, ló fi èyí hàn kedere. Ó da ewé gbígbẹ sílẹ̀ inú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, ó tú eku sínú rẹ̀, òwìwí sì ń mú un láìríran. Nígbà tí wọ́n wá so ohun tó ń dún mọ́ ìrù eku tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dún, ohun tó ń dún yẹn ni òwìwí bà lé. Etí ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ojú, kì í sì í ṣe imú.

Ojú rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré o. Ó tóbi débi pé kò lè yí nínú agbárí. Ọrùn ló ń bá a ṣe é: egungun ọrùn 14 ló ní, ti èmi àti ẹ̀yin jẹ́ 7, ìdí nìyẹn tó fi lè yí orí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyíká. Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé nìyẹn, tí wọ́n fi ń sọ pé orí rẹ̀ ń yí po.

Ìyẹ́ apá rẹ̀ ló kù. Etí ìyẹ́ tó wà níwájú ní eyín wẹ́wẹ́ bí òòyà, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìgbátí múlọ́múlọ́, orí rẹ̀ sì rọ̀ bí àrán. Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá láìpariwo. Mo ti dúró ní àgbàlá mi nírọ̀lẹ́ tí ẹyẹ yìí gba òkè orí mi kọjá, kò ga jù mí lọ ju bí igi ọ̀pá ìká kòkó lọ. Òjìji rẹ̀ ni mo rí. Mi ò gbọ́ pìn-ín.

Wọn rèé, ṣègbẹ́ẹ̀gbẹ́

| Òwìwí | Ìwọ̀n ara | Àmì tí ẹ máa rí | Ohun tó ń jẹ jù | Adìẹ ńkọ́? |
|---|---|---|---|---|
| Olójú funfun | nǹkan bíi gíráàmù 300 sí 450 | ojú funfun tó rí bí ewé kókò, kò níwo | eku, asín | kò lè gbé adìẹ |
| Oníwo aláwọ̀ eérú | nǹkan bí ìdajì kílò | ìwo méjì, ara bí eérú | eku, kòkòrò, ẹyẹ kékeré | òròmọdìẹ nìkan |
| Oníwo inú igbó | nǹkan bíi gíráàmù 575 sí 815 | ara pupa rúsúrúsú, ìlà dúdú | eku, ẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́, kòkòrò | òròmọdìẹ nìkan |
| Oníwo ńlá | kílò 1.6 sí 3.1 | ìpéǹpéjú tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ | ehoro, ẹtù, ẹranko kékeré | ẹ ṣọ́ra |
| Apẹja | kílò 2 sí 2.3 | ara pupa bí ilẹ̀ amọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò níyẹ̀ẹ́ | ẹja, akàn, ọ̀pọ̀lọ́ | kì í wá adìẹ |
| Aláìníwo inú igbó | nǹkan bíi gíráàmù 240 sí 350 | orí róbótó, ojú dúdú | kòkòrò | rárá |

Lára gbogbo wọn, abo ló máa ń tóbi ju akọ lọ.

Olójú funfun: ẹni tí mo yàn

Tyto alba ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ojú rẹ̀ rí bí ewé kókò tó so kọ́, tó fẹ̀ lókè, tó ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀. Àwo ojú yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe: òun ló ń kó ìró jọ sínú etí. Kì í hu bíi àwọn yòókù. Ṣe ló máa ń han, ìhan gígùn tó dà bíi ti ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa ń mí hààà bí ejò. Mo gbà pé ohùn yẹn burú létí láago méjì òru. A ti bí wa sínú ìtàn pé ẹyẹ àwọn ìyà ni, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba èmi náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ohun tí mo ń sọ ni pé eku ni ẹyẹ náà wá dé orí òrùlé, torí ibi tí àgbàdo bá wà ni eku ń wà.

Ó fúyẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́, kò wúwo ju apá kan iṣu kékeré lọ; ìyẹ́ ló fẹ̀ ẹ́ lójú. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tí mo tò sókè yìí, òun ló wúlò jù fún àgbẹ̀. Àgbàlagbà kan lè jẹ eku mẹ́ta sí mẹ́rin lóru. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mẹ́ta péré lóru kan, ní ọjọ́ 365, ó ti ju 1,000 lọ, tọkọtaya ni wọ́n sì máa ń gbé. Nígbà tí wọ́n bá ní ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ìtẹ́, iṣẹ́ ọdẹ wọn á tún le sí i.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà láyé. Ní Màléṣíà, àwọn tó ní oko ọ̀pẹ ńláńlá ń gbé àpótí ìtẹ́ fún òwìwí yìí káàkiri àárín ọ̀pẹ, torí eku ń run ẹyìn wọn. Ní Ísírẹ́lì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí láàárín oko ní ọdún 1983, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Jọ́dánì sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2002. Ìlẹ̀ wa náà kún fún ọ̀pẹ, àgbàdo àti ìrẹsì. Ìdí tí a ò fi ní gbìyànjú rẹ̀ ni mi ò rí.

Ìdí kan tún wà tó wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Èkúté kan wà tí ń gbé inú ilé àti oko lápá ibi tiwa yìí, Mastomys lorúkọ rẹ̀, òun ló ń gbé ibà Lassa kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ lórí gààrí tàbí àgbàdo ti tó. Ọdún 1969 ni wọ́n ti dá àìsàn náà mọ̀ ní ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, a ò sì tíì rí i tán títí di òní. Òwìwí olójú funfun ń jẹ èkúté yìí gan-an. Mi ò sọ pé ẹyẹ ló máa lé ibà lọ. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ dé oúnjẹ yín, kẹ́ ẹ sì gbá ilé mọ́. Ṣùgbọ́n eku kan tó dínkù nínú ilé ìkẹ́rù, ewu kan ló dínkù.

Àwọn oníwo: ìdílé alágbára

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ òwìwí alágbára, ìdílé yìí ni wọ́n ní lọ́kàn. Bàbá gbogbo wọn nílẹ̀ Áfíríkà ni oníwo ńlá tí ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ́n. Tó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ nígbà mìíràn. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń kùn bí ẹni ń ráhùn nínú àgbá, ó sì lè dé ibi tó tó kìlómítà márùn-ún ní òru tó dákẹ́. Ó ń pa ehoro, ẹtù, àparò, ọmọ ọ̀bọ pàápàá. Ẹranko kékeré kan wà tó ní ẹ̀gún lẹ́yìn bíi òòrẹ̀. Awọ ẹlẹ́gùn-ún yẹn ni òwìwí yìí máa ń bó sọnù kó tó jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ ọ̀dàn tó gbẹ, tí igi rẹ̀ dá dúró, ló fẹ́ràn. Apá Òkè Ọya ni ilé rẹ̀, ẹni tó wà láàárín Òṣogbo kì í sábà bá a pàdé. Ẹni tó bá ń sin ẹtù tàbí adìẹ ìbílẹ̀ ní apá ibẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń sùn sórí igi, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn. Àwọn bàbá wa ní igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: kó kọ́ àgọ́, kó fi wáyà bò ó lókè, kó sì kó wọn wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọn kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn oníwo tó ṣeé ṣe kí ẹ rí lápá tiwa kéré síyẹn gan-an. Aláwọ̀ eérú fẹ́ràn ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ àti orí àpáta, tẹ́ ẹ bá sì tan iná ọkọ̀ lójijì lóru, ẹ lè bá a lórí títì tó ń mú kòkòrò. Oníwo inú igbó wà nínú igbó tó dí. Àwọn méjèèjì ń pa eku, mo sì gbà wọ́n láàyè tọkàntọkàn, àfi pé kí ẹni tó ní òròmọdìẹ fi agbọ̀n bò wọ́n lálẹ́, bí ìyá àgbà wa ti ń ṣe látijọ́.

Ọ̀kan tún wà nínú ìdílé yìí tí ojú rẹ̀ yẹ̀lò gbòò, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ènìyàn ju ti gbogbo wọn lọ. Akun ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, kò lágbára, kòkòrò ló ń jẹ. Ojú òwìwí kì í sọ agbára rẹ̀ fún yín. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Apẹja, fún ẹni tó ní odò ẹja

Òwìwí yìí ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ẹja kì í gbọ́ ìró apá lókè omi, kò nílò ìyẹ́ tó dákẹ́, ẹ sì lè gbọ́ fífò rẹ̀. Àwo ojú rẹ̀ ò hàn púpọ̀, torí etí kọ́ ló fi ń ṣọdẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò níyẹ̀ẹ́, kí omi má bàa máa rin ín, abẹ́ ìka rẹ̀ sì ní ẹ̀gún kéékèèké tó rí gbágungbàgun, kí ẹja má yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Á bà sórí ẹ̀ka tó nà sórí omi, á máa wo ibi tí omi bá ti rú, á sì já lulẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹja tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju gíráàmù 100 sí 200 lọ, ṣùgbọ́n ó lè mú èyí tó tó kílò méjì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òun fúnra rẹ̀.

Odò ńlá tó lọ́ra, tí igi àgbà bò létí, ló ń wá. Ẹni tó gbẹ́ odò ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí Ayétòrò kò ní ìdí láti máa bẹ̀rù rẹ̀. Kó da àwọ̀n bò ó nítorí àwọn ẹyẹ ọ̀sán, ó tán.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn òwìwí nínú ìlú

Àgbègbè Igbó Ọ̀ṣun ni kó lọ nírọ̀lẹ́. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja inú odò rẹ̀. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, tó di olóògbé ní 2009, wà lára àwọn tó jà kí wọ́n má gé igi rẹ̀ tán. Igi àgbà tó níhò nínú ni òwìwí fi ń ṣe ilé, irú igi bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀ mọ́ láàárín Òṣogbo. Irú igbó yìí ni aláìníwo kékeré fẹ́. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ń lọ sókè-sódò bí ẹni ń fi ẹnu lù dùndún: hú-hu, hu-hú-hu, hú-hu. Akọ á pè, abo á dáhùn. Tata àti ìrẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó ń pa èyí torí adìẹ, ọ̀ràn ló ń dá.

Àwọn tó wà nínú fídíò

Mo ṣèlérí fún màmá ọ̀nà Ìkìrun pé màá sọ̀rọ̀ nípa fídíò wọn. Òwìwí tó ń mú ọmọ àgbọ̀nrín àti ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ́ oníwo ti Yúróòpù àti Éṣíà. Ó lè tó kílò mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Èyí tí wọ́n kà sí òwìwí tó wúwo jù láyé jẹ́ apẹja, ó ń gbé ìlà oòrùn Rọ́ṣíà àti erékùṣù Hokkaido ní Japan, níbi tí yìnyín ti ń bo odò. Èyí tó gùn jù lọ sì jẹ́ ẹyẹ eérú kan ní ilẹ̀ òtútù. Ẹ máa rò pé agbára rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ìyẹ́ ló pọ̀ lára rẹ̀. Kílò kan àti díẹ̀ ni, eku kéékèèké ló sì ń jẹ, tó ń fi etí wá wọn lábẹ́ yìnyín. Ẹ̀rù àwọn ẹyẹ yìí kò kan Òṣogbo.

Ta wá ni olè adìẹ?

Kẹ́ ẹ tó dá òwìwí lẹ́bi, ẹ wo bí adìẹ ṣe lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ló lọ, àwòdì tàbí àṣá ni. Òwìwí ń sùn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ tí wọ́n wọ́ lọ sínú koríko, ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, ẹtà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fura sí. Tí òròmọdìẹ bá ń dín lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ìyẹ́ kankan nílẹ̀, ẹ wá ejò, ẹ wá òkété lábẹ́ àgọ́. Tí adìẹ mẹ́wàá bá lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí wáyà sì gé gbọọrọ, ènìyàn ni.

Tàbí kẹ́ ẹ lo oògùn eku?

Mo lò ó lọ́dún méjì ṣáájú. Mo ra oògùn náà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó kiri, mo fi sára ẹja gbígbẹ. Eku kú lóòótọ́, inú àjà ni wọ́n kú sí, òórùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa jáde nílé. Lọ́jọ́ kẹta, ológbò aládùúgbò mi kú. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo sì bá a ra òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bẹ́ẹ̀ ni òwìwí náà ṣe máa ń kú. Ọ̀pọ̀ oògùn eku kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni eku náà á máa rìn pẹ̀lú májèlé nínú, tó ti di òpè, tó rọrùn láti mú. Òwìwí tó jẹ irú eku bẹ́ẹ̀ mẹ́rin lóru, májèlé mẹ́rin ló gbé mì. Nítorí náà kò sí pé kẹ́ ẹ lo méjèèjì. Ẹni tó bá yan òwìwí ti sọ pé òun ò ní da oògùn mọ́. Pańpẹ́ eku àti ológbò lè bá òwìwí gbé. Májèlé ò lè bá a gbé.

Bí mo ṣe gbé àpótí fún un

Káfíńtà kan ní Òkè-Fìà ló bá mi kàn án. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá òwìwí ni mo pè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn wò mí, ó sì mú ayùn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà méjèèjì, ẹ lè jẹ́ kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò àbáwọlé jẹ́ 13 sẹ̀ǹtímítà, a gbé e sókè tó 45 sẹ̀ǹtímítà sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa ré bọ́ síta kí apá wọn tó gbó. A ò kan igi ìbàsí kankan síwájú rẹ̀, torí òwìwí ò nílò rẹ̀, àwọn tó bá fẹ́ jí ẹyin rẹ̀ ló máa lò ó. Mo gbé e kọ́ abẹ́ òrùlé ilé ìkẹ́rù, ó ga ju mítà mẹ́rin lọ, níbi tí oòrùn ọ̀sán ò ti lè dé, mo sì kọ ẹnu rẹ̀ sí apá oko, kì í ṣe sí ọ̀nà. Ọkọ̀ máa ń gbá òwìwí tó ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóru.

Sùúrù ni iṣẹ́ yẹn gbà. Oṣù mẹ́jọ ni àpótí náà fi ṣófo, oyin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Tí òwìwí bá ti wọlé, ẹ má gun àkàsọ̀ lọ yọjú o. Á fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ sàba, àwọn ọmọ á sì pẹ́ tó oṣù méjì kí wọ́n tó fò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ kó máa wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, ìṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣì rin. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ṣa wọ́n sínú agolo mílíìkì òfìfo fúnra rẹ̀, ó gbé wọn sójú fèrèsé kí wọ́n gbẹ, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé òun lòun máa ka agbárí wọn lọ́tẹ̀ yìí.